Iṣan, Ọsán Ọrun àti Orúkọ Nero

Nígbà tí àjọ FDA, tí ó ń ṣe àkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ẹ̀rọ SetPoint ní oṣù Keje ọdún 2025, ohun tí ó gba ẹnu àwọn oníròyìn ni pé iná mànàmáná díẹ̀ tí a ń rán sí iṣan kan ní ọrùn fún ìṣẹ́jú kan lójúmọ́ lè dín irú làkúrègbé kan kù, ìyẹn èyí tí agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn máa ń yí padà bá oríkèé ara fúnra rẹ̀ jà. Vagus ni orúkọ iṣan náà. Òǹkàwé Yorùbá tí ó bá gbọ́ "iṣan" nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lè rò pé ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń tì síwájú, ẹ̀bi rẹ̀ sì kọ́, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni a fi ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, okùn líle tí ó so ẹran mọ́ egungun, àti fọ́nrán tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara.

Àwọn Gíríìkì àtijọ́ pàápàá kò ya okùn ẹran sọ́tọ̀ kúrò lára fọ́nrán ọpọlọ. Neuron, ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò lónìí fún sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ, kò bá ọpọlọ tan rárá ní ìpilẹ̀ṣẹ̀: iṣan ẹran ni, irú èyí tí a lè yọ lára màlúù kí a sì lọ́ ọ títí yóò fi di ọsán ọrun tí ọdẹ ń fà. Nervus ti àwọn ará Róòmù kò yàtọ̀ sí i. Ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Jésù ni Herophilus, oníṣègùn kan ní Alexandria ní ilẹ̀ Íjíbítì, la òkú ènìyàn wò, tí ó sì rí i pé àwọn kan nínú àwọn okùn funfun wọ̀nyí kò so ẹran mọ́ egungun, bí kò ṣe pé inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń jáde wá. A ti mọ ìyàtọ̀ wàyí, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ kò kúrò lára wọn, títí Wilhelm Waldeyer, ará Jámánì, fi gbé e wọ sẹ́ẹ̀lì ní ọdún 1891. Èdè Hébérù náà kò gbẹ́yìn: ohun tí Bíbélì Yorùbá pè ní iṣan ní itan Jákọ́bù, nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 32, àwọn Júù gbà láti ìgbà pípẹ́ pé fọ́nrán ńlá tí ó gba ìdí lọ sí ẹsẹ̀ ni.

Ibi tí wọ́n ti sọ pé ọ̀rọ̀ Gíríìkì yìí wọ inú orúkọ ènìyàn ni ó dùn jù. Suetonius, òpìtàn Róòmù, kọ ọ́ pé ní èdè àwọn Sabine, "alágbára, akíkanjú" ni ìtumọ̀ Nero, nígbà tí Aulus Gellius, tí ó kọ̀wé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, so orúkọ náà mọ́ neura àwọn Gíríìkì, pé iṣan ni ó ń gbé ara ró. Àlàyé náà dára létí, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ èdè òde òní kò tẹ̀ lé e: gbòǹgbò àtijọ́ kan tí ó túmọ̀ sí "ọkùnrin" ni wọ́n rí ní ìdí Nero, òun náà ni ó wà nínú orúkọ Áńdérù, gbòǹgbò mìíràn ni ó sì bí neuron. Bí orúkọ bá sì ń ro ọmọ lóòótọ́, Késárì tí a sọ ní Nero ní ọdún 50, nígbà tí Késárì Claudius gbà á ṣọmọ, kò jẹ́rìí rere sí i, nítorí pé ní ọdún 68, nígbà tí ó fẹ́ pa ara rẹ̀, kò lè dá a ṣe, àfi ìgbà tí ẹnì kan bá a ti ọ̀bẹ.

Vagus ní tirẹ̀ túmọ̀ sí "alárìnkiri" ní èdè Látìn, ó sì yẹ ẹ́, nítorí nínú iṣan méjìméjì ọ̀nà 12 tí ó ti ọpọlọ jáde, òun, tí ó jẹ́ ìkẹwàá, ni ó rìn jìnnà jù, tí ó gba ọrùn, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró dé ìfun. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Otto Loewi fi ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ hàn ní ọdún 1921 pé èròjà kan ni iṣan yìí ń tú jáde láti fi dẹ ìlù ọkàn lọ́wọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìgboyà àti ìpayà sínú ọ̀rọ̀ nerve kan náà; Yorùbá fi méjèèjì sí àyà, tí ó fi jẹ́ pé ẹnì kan láyà, tí àyà ẹlòmíràn sì ń já. Bóyá àyà sún mọ́ òtítọ́ jù, nítorí níbẹ̀ ni ènìyàn ti ń gbọ́ iṣẹ́ tí vagus ń jẹ́.

Ní ti ẹ̀rọ tuntun náà, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ó yẹ. Nínú ìdánwò tí a fi ènìyàn 242 ṣe, bíi 35 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a tan ẹ̀rọ tiwọn ni ara wọn fúyẹ́ dé ìwọ̀n tí a là sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ṣùgbọ́n bíi 24 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a kò tan ẹ̀rọ tiwọn náà dé ibẹ̀. Ìyàtọ̀ wà, kò sì pọ̀ tó ariwo tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún Yorùbá lè pe vagus ní "iṣan aránṣẹ́", kí ẹnikẹ́ni má baà lọ máa wá ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀.