Èèpo Ni Àbí Awọ?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ wa ni láti wá ọ̀rọ̀ fún nǹkan. Ṣùgbọ́n a kò lè sọ nǹkan lórúkọ bí a kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a wo hóró wúrà tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń fi ohun mìíràn bò.

Hóró yìí kéré púpọ̀. Nanomítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, mílíọ̀nù kan rẹ̀ ló sì wà nínú mìlímítà kan.

Wọ́n á kọ́kọ́ se omi tí iyọ̀ wúrà ti yòrò sínú rẹ̀ títí yóò fi hó, wọ́n á wá da sítíréètì sí i, ìyẹn iyọ̀ ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́. Wúrà á di hóró-hóró, omi náà á pọ́n bíi wáìnì. Turkevich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣàlàyé ọ̀nà yìí ní 1951. Lẹ́yìn náà, wọ́n á rọra jẹ́ kí táíténíọ̀mù ọ́ksáìdì, ohun funfun tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà, dì yí hóró kọ̀ọ̀kan ká. Bí wọ́n bá kánjú, ọ́ksáìdì á dì lọ́tọ̀, wúrà á sì wà níhòòhò.

Kí ni èrè rẹ̀? Ní 1972, Fujishima àti Honda ní Jápáàn fi hàn pé ọ́ksáìdì yìí lè lo ìmọ́lẹ̀ láti tú omi sí háídírójìn àti ọ́ksíjìn. Amúṣẹ́yá ni: ó ń mú ìyípadà yá, òun fúnra rẹ̀ kò sì tán. Ṣùgbọ́n ìtànṣán tí ojú kò rí nìkan ló ń gbà, èyí kò sì pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Wúrà ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú rí, ó sì lè ta ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sí ọ́ksáìdì. Ọ́ksáìdì náà kì í jẹ́ kí àwọn hóró wúrà lẹ̀ mọ́ra wọn.

Wàyí o, kí la ó pe ìbòrí yìí? Bí olùkọ́ bá ní “èèpo”, akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé ohun àdànù ni, bí èèpo ẹ̀pà. Bó bá ní “aṣọ”, a máa ń bọ́ aṣọ. “Awọ” ni mo fara mọ́: ó lẹ̀ mọ́ ara, ó ń dáàbò bo ara, ó sì ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, “hóró aláwọ”. Àmọ́ ẹ kíyè sí ohùn: “aláwọ̀” ni ohun tó ní àwọ̀, hóró wúrà sì ní àwọ̀ pẹ̀lú! Ẹni tó bá kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára jù, kó mú un wá.