"Jẹ Ẹ́ Tán, Ọmọ Mi"

Ní ilé Yorùbá ní Tokoin, bí oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú bá délẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n: "Jẹ ẹ́ tán." Ìbáà jẹ́ àmàlà, ìbáà jẹ́ akoumé àti ọbẹ̀ adémè, tí í ṣe ewédú wa gan-an lábẹ́ orúkọ mìíràn, ọmọ tó bá ṣẹ́ oúnjẹ kù ni a ń pè ní aláìmoore. A gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wa. Àwa náà sì ti sọ ọ́ fún ọmọ wa.

Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí tó ru ọjà kọjá Kútọnu wá sí Lomé mọ ebi lójúkojú. Bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, wọ́n ní ìṣẹ́ bùṣe. Ara tó kún jẹ́ ẹ̀rí pé ọjà ń tà, pé ọkọ ń tọ́jú aya. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, tẹrùtẹrù. Zémidjan ló ń gbé wa lónìí, orí ìjókòó la ti ń tajà. Àwo kò sì kéré sí i.

Ní ọdún 1987, Leann Birch, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọdé kan láti máa fetí sí ikùn wọn. Wọ́n darí ọkàn àwọn mìíràn sí ohun tó kù nínú àwo, wọ́n sì ń fún wọn lẹ́bùn bí wọ́n bá jẹun. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún gbogbo wọn ní ìpanu tó ń mú ni yó, àwọn tó ń fetí sí ikùn dín oúnjẹ tó tẹ̀ lé e kù. Àwọn ọmọ aláwo kò fura.

Ní 1999, òun àti Jennifer Fisher fi hàn pé ìpanu tí a fi òfin dè lójú ọmọ ni ọmọ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù, òun náà ló sì ń tọwọ́ bọ̀ jù nígbà tí òfin bá ká.

Ẹ wá wo ọbẹ̀ wa. A ń ti òkèlè mọ́ ọmọ lẹ́nu, a sì ń fi ẹran àti ẹyin dù ú, kí ó má baà di olè. Ọmọ náà dàgbà, ó gba owó oṣù àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ̀san lára ẹran. (Àwa tí à ń kọ èyí kò yọ ara wa sílẹ̀.)

Bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ bá wá gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá Sylvanus Olympio, tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní CHU Tokoin, ìmọ̀ràn dókítà yóò bá a dé ẹnu ọ̀nà ilé. Nínú ilé, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ti ń dúró: "Kí ló dé tí o rù báyìí? Ṣé ìyàwó rẹ kì í se oúnjẹ ni?" Èwo ni kí ó ṣe? Ẹni tó bá kọ oúnjẹ, ẹni tó sè é ló kọ̀. Ìdí nìyí tí régime ẹnì kan ṣoṣo fi ń tú ká láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí ìsanra sì ń padà wá.

Ní ilé kan tí a mọ̀, ìyá àgbà ló kọ́kọ́ yí padà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní, "Mo ti yó, Màmá." Màmá wo àwo náà, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó fi ọmọrí bo oúnjẹ náà, ó sì gbé e sápá kan. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ọmọ náà wá béèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀.