Tíátà Aspendos: Ilé Eré Róòmù Tí Kò Di Ahoro

Ibi tí ó wà: Nítòsí ìlú Serik, ní agbègbè Antalya, gúúsù orílẹ̀-èdè Túrkì
Ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ: Láyé Marcus Aurelius, ọba Róòmù (161–180)
Ẹni tí ó yàwòrán rẹ̀: Zenon, ọmọ Theodoros
Ìbú rẹ̀: Nǹkan bí mítà 96
Iye èrò tí ó ń gbà: Ó ju 7,000 lọ

Àwọn ará Róòmù kọ́ tíátà káàkiri ilẹ̀ ọba wọn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ògiri ńlá ẹ̀yìn pèpéle rẹ̀ ṣì dúró látòkè délẹ̀. Ti Aspendos wà lára wọn, àwọn ìjókòó òkúta rẹ̀ náà kò sì yẹ̀.

Odò Eurymedon, tí wọ́n ń pè ní Köprüçay lónìí, ló sọ Aspendos di ìlú olówó, torí pé ọkọ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé láti òkun. Akọlé tí wọ́n gbẹ́ sókè ẹnu ọ̀nà ní èdè Gíríìkì àti Látìn sọ pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Curtius Crispinus àti Curtius Auspicatus, ló náwó ilé náà, tí wọ́n sì yà á sí mímọ́ fún àwọn òrìṣà ilẹ̀ wọn àti ìdílé ọba Róòmù. Ọmọ bíbí ìlú náà ni Zenon. Ó fi apá kan ìjókòó ti ara òkè, ó sì fi òrùlé òkúta tó tẹ̀ bí ọrun gbé ìyókù ró.

Nígbà tí eré tán nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, ńṣe ni wọ́n ń tú òkúta rẹ̀ lọ kọ́lé. Èyí ò ṣẹlẹ̀ sí Aspendos, nítorí ó tún rí olùgbé. Ní sẹ́ńtúrì kẹtàlá, àwọn Seljuk, Mùsùlùmí tó ń jọba nílẹ̀ náà, sọ ilé pèpéle di ààfin. Wọ́n tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, wọ́n rẹ́ ògiri, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa ya ìlà wọ́gọwọ̀gọ sí i lára. Ipa ọ̀dà náà ò tíì parẹ́ tán.

Ní 1930, Ààrẹ Mustafa Kemal Atatürk ṣàbẹ̀wò síbẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n má sì tì í pa, kí eré padà síbẹ̀. Láti 1994 ni àjọ̀dún opera àti ballet àgbáyé ti ń wáyé níbẹ̀.

Ní 2015, Túrkì fi orúkọ Aspendos sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO fún ìwé Ogún Àgbáyé. Ipò náà tọ́ sí i: òkúta rẹ̀ le lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lò ó, tí wọ́n sì ń tún un ṣe, ló gbé e dé òní.