Ṣé o mọ̀? Ìgbómìnà kan ṣoṣo, ìlànà ẹ̀kọ́ méjì

Ṣé o mọ̀ pé ọkùnrin tó ń bójú tó ilé ìwé ló gbé ìròyìn àwọn ère òkúta Èsìẹ́ jáde fún aráyé gbọ́? H. G. Ramshaw ni orúkọ rẹ̀. Ìjọ C.M.S. ló ń bá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ilé ìwé ló sì gbé e dé Èsìẹ́, ìlú Ìgbómìnà kan, lọ́dún 1933. Àwọn ará ìlú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ère wọn o. Ìtàn wọn sọ pé ọdẹ kan, Bàràgbọ́n, ló kọ́kọ́ bá wọn pàdé nínú igbó, wọ́n sì ń ṣe ọdún ère náà lọ́dọọdún. Nígbà tó di 1945, wọ́n kọ́ ilé fún àwọn ère náà. Ilé yẹn ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Ifẹ̀, kì í ṣe Jos: Èsìẹ́ ni.

Àwọn ère náà lé ní 800. Tí o bá débẹ̀, má kàn wò wọ́n fìrí kí o kọjá lọ. Sún mọ́ ọ̀kan. Ó jókòó lórí àpótí, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Wọ́n fín irun orí rẹ̀ ní ìlà-ìlà títí dé ìpàkọ́, ilà sì wà lójú rẹ̀. Òkúta rírọ̀ ni, irú èyí tí irin kékeré lè fá. Bó ṣe rọ̀ yẹn náà ló ṣe lè tètè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbẹ́. Ẹni tó fín irun yẹn ti jókòó ti ọ̀gá fún ọdún púpọ̀. Ní tèmi, Ramshaw wá yẹ ilé ìwé wò, ó sì bá iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó jáde ní ilé ìwé mìíràn, tó ti wà tipẹ́tipẹ́ kí tirẹ̀ tó dé.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ fi ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba kan wé ti òmíràn kò ní láti kúrò ní ilẹ̀ Ìgbómìnà? Nígbà tí àwọn Òyìnbó fa ààlà sáàárín Àríwá àti Gúúsù, àárín Ìgbómìnà ni wọ́n fà á gbà. Ìlá-Ọ̀ràngún bọ́ sí Gúúsù. Òmù-Àrán, Èsìẹ́, Òró, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ìgbàjà bọ́ sábẹ́ Ìlọrin, ní Àríwá. Ẹ̀ka èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń fẹ́ra wọn, wọ́n sì jọ ń sin òkú. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn kúrò ní Òmù-Àrán ní àfẹ̀mọ́júmọ́ yóò dé Ìlá kí oòrùn tó wọ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn tó ni Ìlá, lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ló ti gbé àbá náà kalẹ̀ láti 1952. Ọmọ tó wà nílé ìwé ní agbègbè náà ní 1954 jẹ́ 456,600. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Ọdún kan péré! Ọmọ Ìlá wà lára wọn. Ọmọ Òmù-Àrán, tí ìyá rẹ̀ lè jẹ́ ọmọ bíbí Ìlá, kò sí lára wọn, nítorí ìjọba Àríwá kò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ìgbà wo ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá kárí gbogbo Nàìjíríà? Oṣù kẹsàn-án 1976. Rò ó wò: ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní Òmù-Àrán nígbà tí ti Ìlá bẹ̀rẹ̀ ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó ṣeé ṣe kó ti bí ọmọ tirẹ̀. Àwọn tó rówó san lára wọn kàwé. Ìjọ àti àwọn òbí tó ta iṣu ta kòkó ló gbé wọn ró, mo sì ń kí wọn. Àwọn tí kò rí san ńkọ́? Ní àwọn ọdún 1950 náà, ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ àti Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, bẹ̀bẹ̀ títí pé kí wọ́n dá àwọn Yorùbá Ìlọrin padà sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbìmọ̀ Willink tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ náà. Ààlà kò yẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1891 ni wọ́n mú owó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní Kẹ́ńyà, 2003. Ní Benin, 2006. Ní Togo, 2008. Ghana sọ ti sẹ́kọ́ńdírì di ọ̀fẹ́ ní 2017. Ibi gbogbo ni èrò ti ya wọlé, ibi gbogbo sì ni ìbéèrè kan náà ti jẹyọ: ta ni yóò kọ́ wọn?

Ṣé o mọ̀ pé ní 2008, olùkọ́ 19,125 ní Ìpínlẹ̀ Kwárà, níbi tí Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ wà báyìí, ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò tí a gbé karí iṣẹ́ ọmọ pírámárì kẹrin, àwọn 75 péré ló sì kún ojú òṣùwọ̀n? Ó dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìgboyà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: Bọ́lájí Abdullahi, kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, kò gbé èsì yẹn pamọ́. Ibẹ̀ ni ètò tí wọ́n pè ní Every Child Counts ti gbéra, wọ́n sì gbé àtúnṣe dé College of Education tó wà ní Òró láti 1976, nítorí ibi tí olùkọ́ ti ń jáde ni odò ti ń ṣàn wá. Mi ò ní bá àwọn olùkọ́ yẹn wí. Ẹnìkan ló kọ́ wọn, ẹnìkan ló fún wọn níwèé ẹ̀rí. Ní Finland, láti ìparí àwọn ọdún 1970, ẹni tí kò bá gba oyè kejì ní yunifásítì kì í di olùkọ́ kíláàsì.

Finland yìí kan náà, ṣé o mọ̀ pé láti 1866 ni iṣẹ́ ọwọ́ ti di dandan ní ilé ìwé wọn? Kì í ṣe fún ọmọ tí orí rẹ̀ kò gba ìwé. Gbogbo ọmọ ni.

Àwa náà gbìyànjú rẹ̀. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ìjọba kó ẹ̀rọ wá láti òkè òkun fún ẹ̀kọ́ Introductory Technology. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, inú àpótí ni ẹ̀rọ náà ti dípẹtà: kò síná, kò sí olùkọ́.

Ṣùgbọ́n níta ilé ìwé, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ń lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní Òmù-Àrán, mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ tẹ́ bébà sìmẹ́ńtì sílẹ̀, tépù kọ́ ọ lọ́rùn. Ìwọ̀n àyà jẹ́ 38. Ó pín in sí mẹ́rin lórí, ó sì sàmì sí mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ láìwo ibì kankan.

“Àǹtí, ṣé ó ti dáa?”

“Tún un wọ̀n. Ọrùn yẹn fẹ̀ jù.”

Ó pa á rẹ́, ó tún un fà. Kò tíì tó fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà. Lára ògiri lẹ́yìn wọn, ìwé fírídọ̀mù ọ̀gá rẹ̀ wà nínú férémù. Ní Jámánì, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò lo bí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́dọ̀ ọ̀gá lọ́sẹ̀, yóò lo ìyókù ní ilé ìwé, ìwé ẹ̀rí tó bá sì gbà, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Nàìjíríà náà ní ètò tó lè sọ ìmọ̀ ọwọ́ di ìwé ẹ̀rí tí ìjọba mọ̀. NBTE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ló ń bójú tó o. Ó yẹ kó dé ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ṣé o sì mọ̀ pé ọmọ Ìgbómìnà kan ti fi àáké wọ yunifásítì? Lámídì Fákẹ́yẹ ni, ọmọ Ìlá. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ mọ igi í gbẹ́. Lẹ́yìn náà ló lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bámidélé, ọmọ Aréògún agbẹ́gilére, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí fadá Kevin Carroll dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ sí. Ní 1978, yunifásítì Ifẹ̀ gbà á láti máa kọ́ àwọn ọmọ wọn. Ní 2006, UNESCO kà á mọ́ àwọn ènìyàn tí ìmọ̀ wọn jẹ́ ìṣúra. Ó kú ní 2009. Ère Odùduwà tó gbẹ́ ṣì wà ní Ifẹ̀.