Ìgbésẹ̀ Kan Péré: Bí Adájọ́ Eré Béésìbọ́ọ̀lù Ṣe Ń Mọ Balk

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà kò kéré níye, àwọn ọmọ mìíràn nínú ilé wọn sì ń gbá béésìbọ́ọ̀lù. Bí òbí bá jókòó lẹ́bàá pápá, tí adájọ́ eré ṣàdédé kígbe pé “Balk!”, tí àwọn asáré sì rìn lọ sí béèsì tí ó kàn láìsí ẹni tí ó lé wọn, ọ̀rọ̀ náà a máa rú u lójú. Ẹ jẹ́ kí a là á yé ara wa.

Ajubọ́ọ̀lù lè ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tí ó mú igi. Ó sì lè yí padà kí ó jù ú sí béèsì, kí wọ́n lè mú asáré tí ó ti sún kúrò níbẹ̀. Méjèèjì ni ó tọ́. Ohun tí òfin kọ̀ ni kí ó fi ara tan asáré jẹ. Ìyà rẹ̀ ni pé kí asáré kọ̀ọ̀kan gba béèsì kan. Bí asáré bá wà ní béèsì kẹta, àmì ayò kan ti wọlé nìyẹn.

Ẹsẹ̀ ni adájọ́ ń kọ́kọ́ wò. Bí ajubọ́ọ̀lù bá ti fa ẹsẹ̀ tí ó fi tẹ pátákó rọ́bà sẹ́yìn kúrò lórí rẹ̀, ó ti dà bí àwọn yòókù tí ń ṣọ́ pápá. Ó lè díbọ́n bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ náà bá ṣì wà níbẹ̀, kò gbọdọ̀ díbọ́n sí béèsì kìn-ín-ní. Láti ọdún 2013, líìgì ńlá Amẹ́ríkà kò gbà á sí béèsì kẹta mọ́. Ó kù sí béèsì kejì nìkan.

Bí ó bá sì fẹ́ jù ú ní tòótọ́, ẹsẹ̀ kejì gbọdọ̀ gbé ìgbésẹ̀ tààrà sí béèsì náà kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni ó ń fún adájọ́ níṣẹ́ jù, nítorí béèsì kìn-ín-ní ni ó kọjú sí. Ọ̀pọ̀ adájọ́ a máa fọkàn fa ìlà kan sí agbedeméjì béèsì kìn-ín-ní àti ilé, ní ìwọ̀n 45 díígírì. Bí ẹsẹ̀ bá balẹ̀ sí ìhà ilé, balk ni. Ìlà yìí kò sí nínú ìwé òfin; ọgbọ́n iṣẹ́ ni.

Ìwé òfin fúnra rẹ̀ sọ pé bí iyèméjì bá wà, kí adájọ́ wo èrò ọkàn ajubọ́ọ̀lù. Síbẹ̀, gbogbo balk kọ́ ni ẹ̀tàn. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣèèṣì já bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó dúró lórí rọ́bà nígbà tí asáré wà lórí béèsì, balk ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá pe balk mọ́ ọmọ yín, ẹ má ṣe tètè pè é ní ẹlẹ́tàn, ẹ má sì bú adájọ́. Ẹ bi ọmọ náà léèrè ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀ sí. Òtítọ́ tí a fi tọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ yìí ni kí ó fi dáhùn.