Kí Ọyẹ́ Tó Dé: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Ará Mọ́níyà lórí Mímú Ilé Móoru àti Ewu Èéfín

Nígbà tí oṣù kọkànlá bá ń parí lọ, tí òjò ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í là, tí ènìyàn sì jí ní òwúrọ̀ tí kò rí ìpẹ̀kun àdúgbò rẹ̀ nítorí eruku, kò sí ẹni tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún pé ọyẹ́ ti wọ̀lú. Láti aginjù Sàhárà ni ó ti ń bọ̀, a sì máa gbá eruku adágún gbígbẹ Bodélé ní ilẹ̀ Chad mọ́ra bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa. Nítorí pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, tí ìkùukùu kò sì bo ojú ọ̀run, ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án kì í rí ohun tí yóò dì í mú lóru. Ìdí nìyẹn tí oòrùn fi ń ta wá lára ní agogo méjì ọ̀sán, tí eyín wa sì ń gbá ara wọn ní agogo márùn-ún ìdájí.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀rọ tí ń mú gbogbo ilé móoru, èyí tí wọ́n ń pè ní bọ́ílà. Kí òtútù tó dé, wọn a ké sí oníṣẹ́ gáàsì tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Gas Safe, ìwé àkọsílẹ̀ àwọn oníṣẹ́ gáàsì ibẹ̀, kí ó wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọn a sì so agogo kékeré kan mọ́ ilé tí yóò ké bí èéfín olóró bá ń jò. Àwa kò ní bọ́ílà. Àdògán ni a ní, àti sítóòfù eléèédú, àti sítóòfù kẹrosíìnì, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ń bú ramúramù ní ẹ̀yìnkùlé. Kò sì sí oníṣẹ́ kan tí yóò wá yẹ̀ wọ́n wò bí kò ṣe ẹni tí ó ni wọ́n. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n, nítorí náà ni a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí nísinsìnyí tí ọyẹ́ ṣì wà lọ́nà.

Èéfín tí ojú kò rí

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí ó kù nínú ìwé yìí, ẹ má gbàgbé èyí: a kì í gbé iná èédú sùn.

Èédú tí àwọn ará Òkè-Ògùn ń jó, tí ọkọ̀ ń kó gba ọ̀nà Ìṣẹ́yìn wọ Mọ́níyà nínú àpò, ti fi èéfín dúdú rẹ̀ sílẹ̀ nínú igbó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ó bá pọ́n nínú àdògán, kì í ta ojú bí igi tútù, kì í sì í mú ikọ́ wá, ènìyàn a sì rò pé kò léwu. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Afẹ́fẹ́ olóró kan ń ti ara rẹ̀ jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí kò sì ní adùn tàbí ìkorò lẹ́nu. Níbi tí a bá sì ti ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pinpin ni ó ti ń pọ̀ jù, nítorí pé iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó kì í jó dáadáa. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa ni ohun pupa kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ru afẹ́fẹ́ rere láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí ọpọlọ àti ọkàn. Afẹ́fẹ́ olóró yìí a máa lẹ̀ mọ́ ọn ju afẹ́fẹ́ rere lọ, agbára rẹ̀ sì ju ti èyí lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200, bí àlejò aláìlójútì tí ó jókòó sórí àga onílé tí kò fẹ́ dìde mọ́.

Orí fífọ́ ni yóò kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà òòyì, èébì, àti ẹsẹ̀ tí kò gbé ni nílẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó lajú lè fura kí ó jáde. Ẹni tí ó ti sùn kò ní mọ ìgbà tí ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ibà ni, ṣùgbọ́n ibà kì í mú gbogbo ará ilé ní wákàtí kan náà, kì í sì í rọlẹ̀ kíákíá nígbà tí wọ́n bá bọ́ síta. Nígbà mìíràn tí a bá bá ìdílé kan nínú yàrá títì ní òwúrọ̀, àwọn aládùúgbò a ní ayé ni ó ṣe wọ́n. A kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ayé, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ wo àdògán tí ó wà lẹ́bàá ibùsùn.

Ìfẹ́ ni ó sábà máa ń gbé iná wọ yàrá. Ìyá àgbà ni kò fẹ́ kí òtútù mú ọmọ tuntun. Bàbá ni ó mọ̀ pé òtútù a máa jí ìrora ara ọmọ rẹ̀ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń rò, ṣùgbọ́n oyún inú, ìkókó, ẹni tí ó ní àìsàn ọkàn, àti ọmọ aláìsàn yìí gan-an ni èéfín olóró ń tètè mú. Ẹ dé fìlà fún ọmọ, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ tí ó lé ní ẹyọ kan fún un; kí ìyá gbé ìkókó sí àyà rẹ̀ ní ìhòòhò, kí a sì da aṣọ bo àwọn méjèèjì, nítorí pé ara ìyá dára fún mímú ọmọ móoru ju àdògán lọ. Ẹ fi ike omi gbígbóná tí a dé dáadáa, tí a fi aṣọ wé, mú ibùsùn móoru, kí ẹ sì gbé e kúrò kí ọmọ tó dùbúlẹ̀. Ọmọ tí ó ní fòníkú-fọ̀ládìde gbọdọ̀ máa mu omi dáadáa, bí òùngbẹ kò tilẹ̀ gbẹ ẹ́, kò sì gbọdọ̀ fi omi tútù wẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni iná ìmóoru ti bá jà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú láti inú ilé àti ilé iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù pọ̀ mọ́ kùrukùru, ó bo ìlú náà fún bí ọjọ́ márùn-ún, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, kí ìjọba wọn tó ṣe òfin lórí èéfín ní 1956.

Ìpalẹ̀mọ́ ilé

Kí oṣù kejìlá tó wọlé, ẹ dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ẹ pààrọ̀ dígí fèrèsé tí ó ti fọ́, kí ẹ sì fọ kúbùsù tí ó ti wà nínú àpótí láti ọdún tó kọjá, kí ẹ sá a, nítorí eruku rẹ̀ a máa ru ikọ́ fée sókè. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná kò gbọdọ̀ wà ní dídí. Ẹ gé òwú sítóòfù tí ó ti jó, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe bu kẹrosíìnì sí i nígbà tí ó ń jó lọ́wọ́, kí ẹ má sì ra èyí tí ẹ bá gbọ́ òórùn pẹtiróòlù lára rẹ̀, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, ìta gbangba ni àyè rẹ̀, kí ó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ má sì kọjú sí yàrá ẹnikẹ́ni, títí kan ti aládùúgbò. A mọ̀ pé olè ni ẹ ń bẹ̀rù tí ẹ fi ń gbé e wọ páséèjì. Ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ òpó, tàbí kí ẹ pa á kí ẹ tó sùn. Olè tí ó jí jẹnẹrétọ̀ kò jí ènìyàn.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ gbé ẹni náà jáde sí afẹ́fẹ́, ẹ má sì fi ẹlòmíràn sílẹ̀ nínú yàrá náà. Epo pupa kọ́ ni oògùn rẹ̀, mílíìkì kọ́. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ mu ohunkóhun, nítorí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí ó bá ń mí, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ pe 615, nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ fún dókítà pé iná èédú tàbí jẹnẹrétọ̀ wà nítòsí, ẹ má tijú, nítorí ẹ̀rọ kékeré tí a ń há mọ́ ọmọ ìka kò mọ afẹ́fẹ́ olóró yìí yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́ rere, ó sì lè máa sọ pé ohun gbogbo dára nígbà tí aláìsàn ń lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìwé yìí sí etí ẹni tí kò mọ̀wé kà nínú ilé yín, pàápàá ìyá àgbà tí ń tọ́jú abiyamọ.