Kábúrétọ̀ Tí A Wọ̀n Nísàlẹ̀ Kò Bá Òkè Mu

Bí ọkọ̀ asáré àtijọ́ kan bá ń sáré geerege ní Mombasa létí òkun, tí a sì wà á gòkè lọ sí Nairobi láì fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ẹ̀rọ rẹ̀, ọkọ̀ náà kò ní rí bákan náà mọ́ nígbà tí ó bá dé ọ̀hún. Èéfín dúdú yóò máa jáde ní ìdí rẹ̀. Ẹnu púlọ́ọ̀gì rẹ̀ yóò dú bí ìdí ìkòkò. Yóò máa mu epo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, síbẹ̀ agbára rẹ̀ yóò dín kù, pàápàá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè níbi tí a ti nílò agbára jù lọ. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ yóò ní epo ni kò dára, tàbí kí ó dá mẹkáníìkì lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ sì ni epo kò ṣẹ̀, mẹkáníìkì kò sì ṣẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó yí padà.

AFẸ́FẸ́ NÍ ÌWÚWO

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kò lè fi ojú rí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ìwúwo. Bí a bá ṣe àpótí kan tí òró rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ tí yóò kún inú rẹ̀ létí òkun yóò wúwo tó nǹkan bí kílò 1.2. Nairobi ga tó nǹkan bí mítà 1,700 sí òkun. Bí a bá gbé àpótí kan náà dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò ní ju nǹkan bí kílò 1.04 lọ. Èyí ni pé nínú gbogbo 100, nǹkan bí 15 ti lọ. Ìdí rẹ̀ kò ju pé afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè orí ẹni létí òkun ni ó ń tẹ ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó fi ki. Bí a bá ti ń gòkè, èyí tí ó kù lórí wa ń dín kù, afẹ́fẹ́ sì ń fúyẹ́.

Iṣẹ́ kábúrétọ̀ ni láti po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kí àdàlù náà tó wọ inú ẹ̀rọ lọ jóná. Kí kílò kan epo bẹntiróòlù tó lè jó tán pátápátá, ó ń fẹ́ nǹkan bí kílò 14.7 afẹ́fẹ́. Bí a bá sì ń wá agbára tí ó pọ̀ jù lọ, a máa ń jẹ́ kí epo pọ̀ díẹ̀ sí i, tí afẹ́fẹ́ yóò fi tó kílò 12.5 tàbí 13 sí kílò epo kan. Ìwúwo ni gbogbo ìṣirò yìí dá lé lórí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí: kábúrétọ̀ kò ní òṣùwọ̀n ìwúwo. Afẹ́fẹ́ ń sáré gba ọ̀fun tóóró kan kọjá nínú rẹ̀, eré rẹ̀ sì ń fa epo jáde láti ojú ihò wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní jẹ́ẹ̀tì. Ó dà bí ìyá oníṣòwò tí ń fi kọ́ńgò wọn ọjà. Kọ́ńgò kan náà ni ó ń kún, ṣùgbọ́n kọ́ńgò ìrẹsì àti kọ́ńgò èlùbọ́ kò wúwo bákan náà. Lórí òkè, ẹ̀rọ ń fa kọ́ńgò afẹ́fẹ́ kan náà tí ó ń fà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ inú kọ́ńgò náà ni ó ti fúyẹ́.

Òtítọ́ ni pé epo náà a dín kù díẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó fúyẹ́ kò lè fà á bí èyí tí ó ki. Ṣùgbọ́n kì í dín kù tó afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá kù sí 0.85 ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà tí a óò fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kí ó tó di 0.85. Nǹkan bí 0.92 ni. Bẹ́ẹ̀ ni epo yóò ṣe kù. Afẹ́fẹ́ pàdánù 15 nínú 100, epo pàdánù 8 péré. Epo wá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èyí ni ó sì ń di èéfín dúdú.

BÍ A TI Í ṢE ÀTÚNṢE

Nínú kábúrétọ̀ Weber ti ilẹ̀ Itálì, tí ó gbajúmọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ Ferrari àti Alfa Romeo àtijọ́, jẹ́ẹ̀tì ni a ń pààrọ̀. Nọ́ńbà tí a fín sí ara jẹ́ẹ̀tì náà ń sọ bí ihò rẹ̀ ti fẹ̀ tó: 130 túmọ̀ sí mìlímítà 1.30. Kí olùkọ́ ìṣirò fi èyí dán àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wò. Bí 1.30 bá sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó di 1.69. Bí 1.25 bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó di 1.5625. Ẹ fi 1.69 pín 1.5625, ẹ ó sì rí 0.92, nọ́ńbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lókè yìí. Nítorí náà, bí jẹ́ẹ̀tì 130 bá yẹ ọkọ̀ kan ní Mombasa, 125 ni kí a kọ́kọ́ gbìyànjú ní Nairobi. Ìṣirò ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe awo.

Ti kábúrétọ̀ SU ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ díẹ̀. Òun ni ó wà nínú MGB àti nínú Jaguar E-Type tí ó jáde ní 1961. Písítìnì kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ń gbéra bí afẹ́fẹ́ bá ti ń wọlé tó, abẹ́rẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín sì so mọ́ ọn, tí ó kì bọ inú jẹ́ẹ̀tì. Bí abẹ́rẹ́ náà ti ń gòkè ni àyè ń gbòòrò fún epo. Nítorí pé písítìnì yìí ń gbéra fúnra rẹ̀, àwọn kan gbà pé SU a máa tún ara rẹ̀ ṣe lórí òkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òun náà kò mọ ìwúwo afẹ́fẹ́.

Nọ́ọ̀tì olójú mẹ́fà kan wà lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá yí i sókè, epo a dín kù. Bí a bá yí i sísàlẹ̀, epo a pọ̀ sí i. Ojú kan ṣoṣo ni kí a máa yí lẹ́ẹ̀kan, bí kábúrétọ̀ bá sì jẹ́ méjì, bákan náà ni kí a ṣe sí méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí ẹ̀rọ bá ti gbóná tí ó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kí a gbé písítìnì náà sókè díẹ̀, kí ó má ju mìlímítà kan lọ. Bí eré ẹ̀rọ bá ròkè tí kò sì sọ̀ mọ́, epo ṣì pọ̀ jù. Bí ẹ̀rọ bá fẹ́ kú, epo kò tó. Bí ó bá ròkè fìrí tí ó sì padà sí ipò rẹ̀, ó ti bọ́ sí i. Fún ẹni tí yóò máa gbé orí òkè, àtúnṣe tí ó pé ni láti pààrọ̀ abẹ́rẹ́ náà sí èyí tí ń jẹ́ kí epo dín kù.

A lè sún àkókò tí púlọ́ọ̀gì ń ta iná síwájú díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé àdàlù tí ó fúyẹ́ kì í tètè jó. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe retí iṣẹ́ ìyanu. Àtúnṣe a máa mú èéfín kúrò, a sì máa dín epo tí à ń fi ṣòfò kù, ṣùgbọ́n kò lè dá afẹ́fẹ́ tí kò sí níbẹ̀ padà. Agbára tí ó lọ pẹ̀lú 15 nínú 100 yẹn, orí òkè ti gbà á.

EWU WÀ NÍNÚ SÍSỌ̀KALẸ̀

Ìṣe ibìkan, èèwọ̀ ibòmíràn. Ọkọ̀ tí kò rí àtúnṣe nígbà tí ó gòkè yóò wú ikọ́ lásán ni. Èyí tí a tún ṣe fún òkè tí a sì gbàgbé láti dá padà nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀, ìparun ni ó ń lọ. Bí ọkọ̀ tí a wọ̀n fún Nairobi bá ń sá eré àsápajúdé létí òkun, afẹ́fẹ́ tí ó ki ni yóò máa wọlé, jẹ́ẹ̀tì tí ó kéré kò sì ní lè pèsè epo tí yóò tó o. Iná inú ẹ̀rọ yóò gbóná kọjá ààlà, ẹ̀rọ yóò máa kan gbà-gbà-gbà, bí a kò bá sì tètè gbé ẹsẹ̀ kúrò, orí písítìnì lè yọ́ bí òrí. Owó tí a fi ra jẹ́ẹ̀tì kò tó nǹkan. Owó tí a fi ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe lè sọ olówó di onígbèsè.

Ẹ wá wo ohun tí ó dojú kọ àwọn tí ó sáré nínú ìdíje Safari ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1953. Mombasa wà létí òkun. Timboroa, ní apá ìwọ̀ oòrùn Kenya, ga ju mítà 2,500 lọ. Kò sí jẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ó lè yẹ ibi méjèèjì. Nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó mọ ilẹ̀ náà ní ohun tí a kò lè rí kà nínú ìwé ilé iṣẹ́. Ní 1965, nígbà tí òmìnira Kenya kò tíì pé ọdún méjì, Joginder Singh, mẹkáníìkì tí a bí sí Kericho lórí òkè ilẹ̀ náà gan-an, àti àbúrò rẹ̀ Jaswant ni wọ́n gba ipò kìn-ín-ní. Ọkọ̀ Volvo PV544 àlòkù ni wọ́n wà. Ọkọ̀ asáré Datsun 240Z náà gbégbá orókè ní 1971 àti ní 1973. Shekhar Mehta, ọmọ Ùgáńdà, ni ó wà á ní ìgbà kejì. A kò sọ pé kábúrétọ̀ nìkan ni ó fún wọn ní adé. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn tí òkè jẹ́ ilé fún kò dúró de ẹnikẹ́ni láti wá sọ bí òkè ti rí fún wọn.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ni ó ń wọn afẹ́fẹ́ nínú ọkọ̀ tuntun, ó sì ń tún epo ṣe fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ṣì ń sáré nínú ìdíje Safari tiwọn, tí a dá sílẹ̀ ní 2003. Kábúrétọ̀ kò sì jìnnà sí wa nílé: ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ kékeré. Jos ga tó nǹkan bí mítà 1,200, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì fi nǹkan bí 11 nínú 100 fúyẹ́ ju ti Èkó lọ. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá mọ ìṣirò tí a ṣe lókè yìí lè fi ìwé àti pẹ́ńsù wá iye epo tí ó yẹ ibẹ̀.

Títí di 1980 tí ilé iṣẹ́ MG ní Abingdon fi ti ilẹ̀kùn, ìwé tí ó bá ọkọ̀ jáde níbẹ̀ kò parọ́. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ tí a ti kọ ọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí a má sun ìwé náà níná, kí a má sì foríbalẹ̀ fún un. Kí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìdí tí nọ́ńbà inú rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè wọn tiwọn níbi tí wọ́n bá dúró sí.